Epo Tó Ki fún Ẹ́ńjìnnì Tó Ti Gbó

Ẹ̀pẹ́, ọjọ́ Jímọ̀, 1867.

N kò ní tọrọ àforíjì. Àdín tó ń ṣàn ni ọ̀gá ní kí n máa dà sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eléèéfín wa. Lánàá ó jò tán, irin gbóná, a há sórí ọ̀sà.

Lónìí, epo pupa tó ki ni mo dà sí i.

Ọ̀gá bú mi: “Àdín ni ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ́ńjìnnì wí!”

Mo ní, “Ìgbà tí ọkọ̀ yìí ṣì jẹ́ tuntun ni wọ́n kọ ìwé yẹn, sà. Irin rẹ̀ ti jẹ, àlàfo ti wà láàárín rẹ̀; epo tó ki ni kò ní tètè jò jáde.”

A gbéra ní Ipakodo, a dé Ẹ̀pẹ́ láìdúró. Ọ̀gá gbọ́wọ́ lé irin, kò jó o. Síbẹ̀, ó ní bí mo bá tún dán an wò, òun á lé mi.

Kèrègbè epo pupa ti wà nínú ẹrù mi fún ọ̀la.