Ìwé Dókítà Tó Fẹ́ Ba Ẹjọ́ Merv Jẹ́

14, Òpópónà Kitchener,
Peterborough,
South Australia.
19 Oṣù Kẹfà, 2023.

Glenys, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Trevor ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù ibí kò ṣeé fẹnu sọ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n a ṣì wà. Mo mọ̀ pé ò ń retí ìròyìn ẹjọ́ Merv ọkọ mi. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ, bóyá ó máa yé ìwọ, torí ó ti rú èmi lójú pátápátá.

O mọ̀ pé ìjọba kọ̀ láti fún un ní owó ìrànwọ́ aláàbọ̀ ara, wọ́n ní ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ tó. Ẹ̀yìn ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ gé irun àgùntàn! A pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Wọ́n ní ká mú ẹ̀rí dókítà wá, mo sì rò pé bí ìwé bá ṣe pọ̀ tó ni ẹjọ́ wa á ṣe lágbára tó. Mo gba gbogbo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ dókítà, mo sì fi ránṣẹ́. Mi ò tilẹ̀ ka ojú ìwé kan níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà lórí fóònù. Merv na ara sílẹ̀ nílé ìdáná, torí kò lè jókòó pẹ́. Obìnrin tó ń gbọ́ ẹjọ́ kí wa tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé tí èmi fúnra mi fi ránṣẹ́. Oṣù Kẹta, aláìsàn ní kò burú. Oṣù Keje, aláìsàn ní kí dókítà má ṣèyọnu. Oṣù Kọkànlá, aláìsàn ní ara òun le koko. Bó ṣe ń lọ nìyẹn fún ọdún mẹ́sàn-án! O kúkú mọ àwọn ọkùnrin wa níbí, bí wọ́n bá já bọ́ látorí òrùlé, wọ́n á ní àwọn kàn fẹsẹ̀ kọ ni. Àjèjì ni Dókítà Jayasuriya, ohun tó gbọ́ ló ń kọ.

Obìnrin náà ní, "Ọ̀gbẹ́ni Pascoe, báwo lara yín lónìí?"

Merv dáhùn láti ilẹ̀ tó wà pé, "Ara le, mà. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni tàbí kí n fi ìgbálẹ̀ nà án. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti mú lẹ́tà tuntun wá, èyí tí yóò sọ ohun tí kò lè ṣe, kì í ṣe orúkọ àìsàn nìkan.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó bi í báwo ni, Merv tún ní kò burú. Mo ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó bá mi mú un."

Merv ní, "Noelene, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Ó gbìyànjú. Kò bẹ̀rẹ̀ dé ìdajì tí òógùn fi bò ó, tó di tábìlì mú. Dókítà wò ó títí, ó wá yí sí mi, ó ní kí n sọ bí àárọ̀ wa ṣe máa ń rí. Mo sọ gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́: pé kò lè gbé kẹ́tùrù omi, pé èmi ni mò ń bá a wọ ṣòkòtò.

Nígbà tí Merv kà á nílé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Yọ ti ṣòkòtò yẹn kúrò. Ṣé o fẹ́ káwọn tá a jọ ṣiṣẹ́ gbọ́ ni?"

"Ta ló máa sọ fún wọn?"

"Ìwọ lo mọ̀."

Glenys, bí a bá yọ ọ́, kò sí ẹ̀rí tó kù. Bí a bá fi í sílẹ̀, mo ti dójú ti ọkọ mi. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ ṣe. Mo fi lẹ́tà náà àti bírò síwájú rẹ̀, mo lọ sá aṣọ lẹ́yìnkùlé.

Ìgbà tí mo wọlé, ó ti lọ dùbúlẹ̀. Kò fa igi lé ìlà kankan. Àmọ́ nísàlẹ̀, lábẹ́ ìbuwọ́lù dókítà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Ó tún ń bá mi wọ ìbọ̀sẹ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà kéèyàn kọ nǹkan kún lẹ́tà dókítà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe fi ránṣẹ́.

Bá mi kí Trevor àtàwọn ọmọ.

Tìrẹ ni èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Noelene.