Tauvu Kì Í Bínú

                                                  Ilé Kẹrin, Ọgbà Àwọn Olùkọ́,
                                                  Labasa, Vanua Levu,
                                                  Fiji.
                                                  Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Ọ̀pẹ, 2019.

Waisea, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Akanisi ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì? Ìyá wa àgbà ńkọ́? Mo gbọ́ pé òrùlé ilé ìdáná yín nìkan ni ìjì oṣù tó kọjá gbé lọ. A dúpẹ́ pé kò jù bẹ́ẹ̀. Vika ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ara wa le, àfi ẹ̀yìn mi tó ń dùn mí, ó sì tọ́ sí mi.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé Unaisi ọmọ rẹ ti rí iṣẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, pé oṣù Kejì ni yóò bẹ̀rẹ̀. O ní kí n bá ọ mójú tó o ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, pé bó bá ti wà lọ́wọ́ mi, ọkàn rẹ balẹ̀. Ìlà yẹn ló mú mi jókòó ti tábìlì láti àárọ̀. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí fún ọ. Bí o bá kà á tán, kí o wá wò ó bóyá ọkàn rẹ ṣì balẹ̀.

O mọ̀ pé Fọ́ọ̀mù Síìsì ni mo kà mọ. Ọwọ́ mi ni wọ́n wò tí wọ́n fi gbà mí láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ní oṣù Kejì tó kọjá, wọ́n gba ọmọbìnrin kan, Laisani, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó gboyè ní Suva. Bàbá rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ojú omi ti kú, iṣẹ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ń wò lójú. Mísítà Narayan, ọ̀gá wa, fi í sábẹ́ mi. Òfin wa ni pé àgbà kan gbọ́dọ̀ máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ tuntun, kó máa fi ọ̀nà hàn án, kó sì kọ̀wé lópin ọdún pé kí wọ́n gbà á pátápátá tàbí kó máa lọ. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ló fi sẹ́nu.

Lọ́jọ́ tó dé, a jókòó yí abọ́ kava ká, a ń mu ún, mo bi í pé níbo ni abúlé bàbá rẹ̀. Ó ní Nukuvou ni, ní Kadavu. Ẹ̀rín pa mí. Tauvu wa ni wọ́n. Ìwọ náà mọ bó ṣe rí: òrìṣà kan náà ló bí àwọn baba ńlá wa àti tiwọn, a lè bú ara wa bó ṣe wù wá, a lè gbé ohun ìní ara wa, ẹni tó bá bínú ló fìdí rẹmi.

Mo ní, "Ẹ wo ẹrú mi tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá. Ta ló tú ọ sílẹ̀ nínú àwọ̀n?"

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Àwọn baba yín ni, Tauvu. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n rò pé ẹja ni mí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé tirẹ̀ mú ju tèmi lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé sípánà bàbá rẹ̀ nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n gbẹ́ orúkọ ọkùnrin náà sí lára. Mo ní tauvu ló ni ín. Ó rẹ́rìn-ín. Kí ni ìbá ṣe?

Ọdún yìí náà ni wọ́n ní kí kálukú wa máa kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mi ò mọ̀ ọ́n. Laisani ló ń bá mi kọ ọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi tí wọ́n ní kí n gbé e ró, òun ló ń gbé mi ró. Bóyá ohun tí mi ò lè dárí rẹ̀ jì í nìyẹn.

Bó bá ń ṣàlàyé kábúrétọ̀, èmi á wà lẹ́yìn, màá ní, "Ẹ rọra o, ìfun ẹja ni wọ́n ń tú ní abúlé wọn, wọn ò rí ẹ̀ńjìnnì rí." Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wojú ara wọn. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún, àwọn náà ti ń sọ ọ́, àwọn tí kì í ṣe tauvu rẹ̀, tí kò sì lè bú padà nítorí olùkọ́ wọn ni. Bó bá ti wọlé, wọ́n á fọwọ́ dí imú. "Mádáàmù Ẹja ti dé."

Ó wá bá mi nínú yàrá irinṣẹ́. Ó ní, "Tauvu, ẹ jọ̀ọ́. Nídìí kava, ẹ bú mi bó bá ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe é níwájú àwọn ọmọ yìí mọ́. Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́."

Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Mo ní, "Ó mà ṣe o. Tauvu kì í bínú." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sín in jẹ nídìí kava, bó ṣe ń fa imú. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí.

Ní oṣù Kọkànlá, Mísítà Narayan pè mí. Ó ní, "Emosi, ariwo kíláàsì ọmọ yìí ń dé ọ́fíìsì mi. Ṣé òun ni kò lè darí wọn, àbí nǹkan mìíràn wà níbẹ̀?"

Waisea, gbólóhùn kan péré ni ìbá gbà á là: èmi ni mo kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé bó bá dúró pẹ́, lọ́jọ́ kan wọ́n á mọ ẹni tó ń kọ ètò ẹ̀kọ́ mi. Mo ní, "Ọ̀gá, kò lè darí wọn." Mo kọ ọ́ sínú ìwé òpin ọdún náà pé kó máa lọ, mo sì fọwọ́ sí i.

Kí Laisani tó lọ, ó ti tẹ ètò ẹ̀kọ́ mi ti sáà tó ń bọ̀ sórí ìwé, ó gbé e sórí tábìlì mi. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé tabua tí bàbá mi fi sílẹ̀, eyín àbùùbùtán tó ti pọ́n bí epo yẹn, mo mú sípánà náà, mo wọkọ̀ ojú omi dé Suva, mo tún wọ òmíràn dé Kadavu, kí n lọ tọrọ àforíjì bí a ti í ṣe é. Mo kúnlẹ̀ lórí ẹní, mo na tabua sí àbúrò bàbá rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bàbá náà ò jẹ́ kí n dé ìdajì.

Ó ní, "Ẹ wá wo ẹrú wa, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ kí ni? Láti ìgbà wo ni tauvu ti ń ṣẹ tauvu?"

Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì kankan. Wọ́n gba tabua lọ́wọ́ mi bí ìkógun, wọ́n bọ́ aago ọwọ́ mi, wọ́n gbé bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ mi yó. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé Laisani ò sọ nǹkan kan fún wọn. Ohun tó sọ fún wọn kò ju pé àyè ni kò sí mọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì.

Òun fúnra rẹ̀ wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń bó kókò. Mo gbé sípánà síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ẹ máa mú un lọ, Tauvu. Ohun tí tauvu bá gbé, tirẹ̀ ni."

Mo ní, "Laisani, bú mi."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú èyí tó máa ń rín níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní, "Tauvu kì í bínú." Ó mú kókò mìíràn. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn padà dé èbúté.

Mísítà Narayan ti kọ orúkọ Unaisi sábẹ́ tèmi. Ó ní mo ní sùúrù fún àwọn tuntun. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti sọ òtítọ́, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo yí padà. Nítorí náà, ìwọ ni kí o kọ̀wé sí i. Sọ ohunkóhun tó bá wù ọ́ nípa mi, kó ṣáà fi ọmọ rẹ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. O lè ní Unaisi kì í ṣe tauvu mi, pé ọmọ mi ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó kàwé jù mí lọ, ètò ẹ̀kọ́ tí Laisani tẹ̀ sílẹ̀ fún mi yóò sì tán ní oṣù Kẹrin.

Bá mi kí Akanisi àti ìyá wa àgbà. Bá mi kí Unaisi náà, má sì fi lẹ́tà yìí pamọ́ fún un.

Èmi ni ẹni tí o rò pé o mọ̀,

Emosi.