Omi Ojú Tí Wọ́n Yà Sínú Fíìmù

Màámi, àsàlámù àléékùm.

Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi Jubril ti fi fọ́tò fídáù ọjọ́ kẹjọ Bàbá ránṣẹ́. Ilé wa ní Ilaporu kún fọ́fọ́. Ìwé ìgbélùú mi tí kò tíì jáde níbí ni kò jẹ́ kí n lè wá.

Ọjọ́ fídáù yẹn gan-an ni wọ́n wá ya fíìmù àwọn olórin rọ́ọ̀kì ní pápá tí mo ti ń gbálẹ̀, níbi tí wọ́n ti máa ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Èrò ò pọ̀ tó, ni wọ́n bá ní kí àwa òṣìṣẹ́ lọ dúró níwájú, ká máa jó. Mo jó dáadáa. Nígbà tó yá, akọrin wá rọra kọrin nípa ilé bàbá rẹ̀. Kí kámẹ́rà tó dé ọ̀dọ̀ mi, omi ti ń dà lójú mi.

Ọ̀gá tó ń darí fíìmù náà sáré wá. Ó ní, "Ó dára gan-an! Jọ̀ọ́, tún un ṣe."

Wọ́n tún orin náà kọ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú mi gbẹ. Ó ní, "Kí lo rò nígbà àkọ́kọ́?" Mo ní èéfín tí wọ́n ń tú sórí ìtàgé ló kó sí mi lójú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti àkọ́kọ́ náà lòun á lò.

Bí ẹnikẹ́ni bá fi fíìmù náà hàn yín lórí fóònù, ẹ má dààmú. Iṣẹ́ ni.

Ẹ bá mi kí gbogbo àwọn tó bá Ẹ̀gbọ́n Jubril gbé Bàbá sin. Kí àbúrò mi Zulaikha máa sùn tì yín. Ẹ kú ìrọ́jú, Màámi. Èmi náà ń rọ́jú.

Èmi Zubair, ọmọ yín.