Ẹ̀fọn Tí Kì Í Jẹni

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Wọ́n ti mú àdúgbò. Àdúgbò ìyá mi ni.

Ọ̀gá tẹ́ àwòrán ìlú sórí tábìlì, ó fi ìka lé e, ó ní ibí la ó ti bẹ̀rẹ̀. Omi ìdọ̀tí pọ̀ níbẹ̀, ibà pọ̀, ilé fara ti ilé. Mo ní ìyá mi ń gbé níbẹ̀. Ó ní òun mọ̀ — ìdí tóun fi mú un nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò á ṣílẹ̀kùn fún wa nítorí ìyá mi.

N ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. N ò sì sọ ọ́.

Kí n kọ iṣẹ́ wa sílẹ̀ bó ṣe rí, torí tí mo bá ń ṣàlàyé ẹ̀ fún èèyàn, ńṣe ni wọ́n ń wò mí bí ẹni tórí ẹ̀ dàrú. Ẹ̀fọn là ń sìn. Ilé gbígbóná kan tó ń rùn bí oúnjẹ ẹja, abọ́ omi lórí abọ́ omi, tanwíjí ń jà nínú wọn. Kí wọ́n tó hu ìyẹ́, abo máa ń tóbi ju akọ lọ, asẹ́ la fi ń yà wọ́n. A pa abo dànù, torí abo ló ń jẹni. A fi iná kan tójú ò lè rí gba ọmọ bíbí lára akọ, a wá tú u sílẹ̀. Akọ kì í jẹni, omi ṣúgà ló ń mu. Á lọ bá abo tó wà níta, abo á yé ẹyin, ẹyin ò ní pa. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ̀fọn á fi tán.

Ọkọ ìyàwó ni mo máa ń pe àwọn akọ. Wọ́n tiẹ̀ ní irùngbọ̀n — irun ṣùkùṣùkù níwájú orí, téèyàn bá fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò wọ́n. Abo ò ní in.

Ọjọ́rú, 5

Mo lọ bá Màámi. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ẹ̀fọn lẹ fẹ́ fi lé ẹ̀fọn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní olè ló kúkú mọ ẹsẹ̀ olè é tọ̀ lórí àpáta.

Ìdájí ni àwọn obìnrin àdúgbò máa ń pé sí pálọ̀ wọn fún àdúrà. Ó ti pẹ́. Láti ìgbà tí ibà ti gbé àbúrò mi lọ ni, kó tó rìn. Àdúrà kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀: kí ìyá kankan ládùúgbò yìí má tún gbé òkú ọmọ bọ̀ láti ọsibítù. Mo ní bóyá iṣẹ́ tiwa yìí ni ìdáhùn. Màámi wò mí.

"Má bá Ọlọ́run dáhùn. Ó lẹ́nu."

Wọ́n wá bi mí bóyá àwọn ẹ̀fọn náà ò ní jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. Mo ní wọn ò ní jẹ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìpàdé àdúgbò. Ariwo fún bíi wákàtí kan. Màámi dìde, wọ́n ní àwọn ti bi ọmọ àwọn, ó ní kì í jẹni, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá. Ó parí. Ìyá Télọ̀ tó ń ránṣọ ní ilé tó kọjú sí ti Màámi nìkan ló béèrè bóyá àwọn ẹ̀fọn náà máa ń yàgbẹ́ sórí aṣọ. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀, Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ bí oníwàásù. Ó ní láti kékeré lòun ti ń rí ìlú kan lọ́kàn òun, ìlú tí ìyá á fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí àyà ẹ̀ ò ní já. Ó ní ohun téèyàn ò bá kọ́kọ́ rí lọ́kàn, ọwọ́ ò lè kọ́ ọ. Mo wo ojú ẹ̀. Kò purọ́. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìlú yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 10

Àwọn àlejò láti òkè, àwọn tó ń gbówó iṣẹ́ yìí kalẹ̀, fẹ́ rí wa nígbà tá a bá ń tú ẹ̀fọn sílẹ̀. Ọ̀túnla. Akọ tó máa wọ àpótí ò tíì pé. Ọ̀gá ní ó gbọ́dọ̀ pé. Alásẹ́, ẹni tó ń fi asẹ́ ya akọ kúrò lára abo, ojú ẹ̀ ti pọ́n bí ata.

Ọjọ́rú, 12

A tú wọn sílẹ̀.

Àpótí onínẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá, lórí òpó àti lójú fèrèsé. Wọ́n jáde bí èéfín. Àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wọn. Ìyá Télọ̀ fi aṣọ bo ẹ̀rọ ẹ̀. Àwọn àlejò ya fọ́tò. Màámi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wo òkè bí ẹni ń retí òjò.

Inú mi dùn. Kí n kọ ọ́ síbí kí n má baà gbàgbé.

Ọjọ́bọ̀, 13

Ìyá Télọ̀ ní nǹkan jẹ òun lọ́rùn. Ẹ̀fọn ìta ṣáà wà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Àpótí kan ṣẹ́ kù sẹ́yìn ọkọ̀. A ò tú u, kò sáyè. Mo gbé e wọlé kí n fọ̀ ọ́. Mo kàn ní kí n fi awò wo àwọn tó wà nínú ẹ̀, bí ẹní ń ṣeré.

Aláìnírùngbọ̀n. Ọ̀kan. Mo yí awò. Òmíràn. Òmíràn.

Mo lọ bá Alásẹ́. Kò jiyàn. Ó ní Ọ̀gá ló ní kóun ṣí asẹ́ díẹ̀ kó lè yá, pé ìwọ̀nba abo tó bá kọjá ò tó nǹkan. Ẹkún ló kù tó fẹ́ sun.

Mo wọlé lọ bá Ọ̀gá. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n jókòó. Abo tí a sìn nínú ilé ò ní àrùn lára. Òótọ́ ni. Àfi tó bá kọ́kọ́ jẹ aláìsàn, tó sì pẹ́ láyé kó tó jẹ ẹlòmíì, kò lè kó ibà ran ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni. Wọn ò pọ̀. Òótọ́ ni. Tí àdúgbò bá gbọ́, wọ́n á lé wa, gbogbo ìlú á lé wa, ọmọ tí iṣẹ́ yìí ì bá gbà là á kú. Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa ka òkú wọn?"

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi nìkan ni ò jẹ́ òótọ́ mọ́ — èyí tí mo sọ fún Màámi lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ọmọ Ìyá Télọ̀, obìnrin, èyí tó kéré jù. Ara ẹ̀ gbóná láti àárọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù.

Ọjọ́ Ajé, 17

Màámi pè mí lórí fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Wọn kì í pè mí lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ náà ń gbọ̀n. Àwọn obìnrin ń pín ara wọn lọ síbẹ̀, àdúrà ò dáwọ́ dúró. Àwọn kan ti ń sọ pé àpótí ló fà á. Màámi ní kí n dá àwọn lóhùn kan péré: ṣé kò sí abo kankan nínú wọn?

Mo ní, "Màámi, mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n gbé e sílẹ̀.



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18

Dókítà ọsibítù ti sọ̀rọ̀: ibà tó ń ṣe ọmọ yìí ti wà lára ẹ̀ ṣáájú kí a tó tú ẹ̀fọn kankan sílẹ̀. Ó máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan kó tó fara hàn. Kì í ṣe tiwa.

Ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ó ní kí n lọ sọ ọ́ fún wọn níbi ìpàdé Ọjọ́bọ̀, èmi ni wọ́n máa gbọ́. Kí n sọ ti dókítà. Kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá bi mí nípa ohun tó jẹ Ìyá Télọ̀, kí n ní ẹ̀fọn ìta ni.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀fọn ìta lóòótọ́. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Pálọ̀ Màámi kún dé ìta. Wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ó kúrú. Mo sọ ti dókítà. Mo ṣàlàyé bí ibà ṣe ń rìn. Mo rí i tí ejìká àwọn èèyàn wálẹ̀. Ọkùnrin kan tiẹ̀ ní àwọn náà ti ń rò ó bẹ́ẹ̀. Màámi mí kanlẹ̀.

Ìyá Télọ̀ ti ọsibítù dé, aṣọ àná ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Kò pariwo. Ó ní òun gbà pé kì í ṣe àwa la dá ọmọ òun dùbúlẹ̀. Ó ní ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tá a tú ẹ̀fọn sílẹ̀, abẹ́ àpótí tó wà lójú fèrèsé òun lòun jókòó sí, ibẹ̀ ni nǹkan ti jẹ òun. Kí ni nǹkan ọ̀hún?

Ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá kọ́ mi ti wà lẹ́nu mi. Mo rí Màámi. Wọn ò wò mí. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Mo ní n ò mọ èyí tó jẹ ẹ́. Mo ní abo wà nínú àpótí. A kánjú. Mo ti mọ̀ láti Ọjọ́ Ẹtì.

Bàbá onílé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Orí wa lẹ ti wá kọ́ṣẹ́." Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ẹnu ṣí. Àwọn ọ̀dọ́ jáde lọ já àpótí lulẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń balẹ̀.

Nígbà tí mo yíjú, Màámi ti wọ yàrá. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Ọ̀gá ní kí n máa sinmi nílé. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Màámi ò pè. Mo pè, wọn ò gbé e. Mo gbọ́ lẹ́nu ará àdúgbò pé ọmọ náà ti mu omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Ọmọ ti délé. Ó rù, ṣùgbọ́n ó ń bá èèyàn jà lórí bísíkíìtì.

Màámi fúnra wọn ló wá sọ fún mi. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Wọ́n ní kì í ṣe abo inú àpótí ló dun àwọn. Ọjọ́ táwọn pè ni. Gbogbo àdúgbò ló ń bi àwọn, àwọn ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ mi lọ, mo wá ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Mo bu omi fún wọn. Wọn ò mu ún. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n mu ún.

Wọ́n bi mí bóyá iṣẹ́ náà lè lé ibà lọ lóòótọ́, tí a bá ṣe é dáadáa. Mo ní ó lè lé e lọ.

Wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí àbúrò ẹ ti kú ni mo ti ń gbàdúrà. N ò ní ṣíwọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ṣì ń kú, n ò sì ní parọ́ fún ara mi pé àdúrà nìkan ti tó."

N ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Ọjọ́bọ̀, 27

Alásẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n ti rí àdúgbò mìíràn, lódìkejì afárá. Lọ́túnla ni wọ́n máa tú ẹ̀fọn sílẹ̀ níbẹ̀. Mo bi í bóyá wọ́n ti tún asẹ́ ṣe. Ó ní wọ́n ti tún un ṣe. Mo ní ṣó dá a lójú. Ó ní ojú òun nìkan ò tó.

Mo sọ fún Màámi. Wọ́n ní àwọn ìyá wà lódìkejì afárá náà. Wọ́n bi mí pé aago mélòó la máa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá àwọn ará ibẹ̀ sọ lójú ọ̀nà gbogbo. Ìyá Télọ̀ tẹ̀ lé wa, kò sọ ìdí.

A bá Ọ̀gá lábẹ́ ìbòòji ilé kan, lórí àga onípákó. Àwọn obìnrin àdúgbò yí i ká, àwọn kan fọwọ́ lẹ́rán. Ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè, apá ẹ̀ ti wọ inú àpótí gba ojú ihò aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń wo apá ara ẹ̀. Obìnrin kan sọ fún wa pé láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé ní ibi tí òun ti kọ́kọ́ lọ, òun kánjú, abo jáde. Àpótí tí ẹ̀fọn inú ẹ̀ bá jẹ òun yóò padà sínú ọkọ̀, èyí tí wọn ò bá jẹ òun, àwọn obìnrin náà ni kó sọ bóyá kóun tú u. Méjì ti padà. Mo rí wíwú lára apá ẹ̀.

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò dà nù.

Ó rí mi. Kò kí mi. Ó fi àgbọ̀n júwe àpótí tó kàn.

Màámi ti ṣáájú mi jókòó. Wọ́n bi Ọ̀gá pé, "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ó ní kí wọ́n kàn gbọ́wọ́ dúró, Mà, kí wọ́n má mì ín. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ wọn, wọ́n ti apá bọ̀ ọ́. Ètè wọn ń mì, wọn ò gbàdúrà náà síta.

Ọwọ́ òsì mi wà nínú àpótí tó tẹ̀ lé tiwọn. Ọ̀tún ni mo fi ń kọ èyí, ìwé wà lórí itan. Ìyá Télọ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó tẹ̀ ba, ó ń ṣọ́ apá mi. Obìnrin kan tí n ò mọ̀ gbé àga jáde láti ilé kejì, ó ń ká ọwọ́ aṣọ tiẹ̀ náà.

Ẹ̀fọn ti bà lé mi lọ́wọ́, wọ́n á tó ogún. Wọ́n ń rìn lórí irun apá mi. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí èyí tó jẹ mí.