Ike Tó Ń Dán Gbinrin

                                        Yàrá Tí A Ti Ń Ṣe Eyín,
                                        Òkè Kejì, Ilé Ìwòsàn Eyín,
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹfà.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, àbí o ṣì ń ru bíríkì bí ẹni tó ní ẹ̀yìn méjì? Ní tèmi, mo wà láàyè, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ díẹ̀ ló kù.

Ọ̀gá wa tuntun, tí a ń pè ní Bàbá Dídán lẹ́yìn, fẹ́ràn kí gbogbo nǹkan máa dán gbinrin: ilẹ̀, tábìlì, títí kan orí tiwọn. Eyín iwájú wọn kan yọ, wọ́n ní kí n fi ike líle tuntun kan ṣe òmíràn. Ike yìí kò bẹ̀rù omi gbígbóná, kò bẹ̀rù eegun, àmọ́ alágídí ni: gọ́ọ̀mù kì í mú un. Yóò tètè yé ìwọ bíríkìlà. Bí ẹ kò bá ṣá ògiri kọnkéré tó ń dán, ṣebí sìmẹ́ńtì yóò kàn máa yọ̀ bọ́ ni? Ìdí nìyẹn tí mo fi rẹ ike náà sínú ásíìdì fún ìṣẹ́jú kan, tí mo fi omi ṣàn án dáadáa, tí ojú rẹ̀ wá rí gbágungbàgun, kí èèpo funfun tó jọ eyín lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀gá rí i, wọ́n ní mo ti ba ohun iyebíye jẹ́. Mo ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Kúẹ́rì ni wọ́n fi dá mi lóhùn: kí n sọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ìdí tí wọn kò fi ní lé mi. Àbúrò, ẹ̀rù bà mí gan-an. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ àwọn ìbejì. Ọ̀gá wá fọwọ́ ara wọn dán ike náà títí wọ́n fi ń rí imú wọn nínú rẹ̀, wọ́n lẹ èèpo mọ́ ọn, wọ́n fi sẹ́nu. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò sọ ọ́ létí ọ̀gá?

Ọjọ́ kẹta pé, àwọn àlejò sì dé láti wo iṣẹ́ wa. Ọ̀gá dìde, wọ́n ń yin ike náà. Ibi tí wọ́n ti ní ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni èèpo náà ti fò jáde, ó balẹ̀ sórí ìwé obìnrin tó ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà fi bírò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń kọ̀wé rẹ̀ lọ.

Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ọ̀gá pè mí wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n gba kúẹ́rì lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á ya.

“Jọ̀ọ́,” wọ́n ní, “bá mi bà á jẹ́ díẹ̀.”

Inú mi dùn, n ò ní purọ́ fún ọ. Àmọ́ mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ìwé náà wà nínú àpò mi báyìí: “Mo fún Ìyá Ìbejì láṣẹ láti ba eyín mi jẹ́.”

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Sọ fún Màmá pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
Ìyá Ìbejì