Olóògbé Josiah Ládòkun Ìyápọ̀ (1926–1988): Ẹni tí Ó Fi Iyọ̀ Síńkì Gba Àgbàdo Okaka Lọ́wọ́ Ọ̀dá

Ní ìlú Okaka, lákòókò ìkórè iṣu ọdún 1926, ni a bí olóògbé Josiah Ládòkun Ìyápọ̀ sí agbo ilé Ọ̀jẹ̀túndé. Ìyápọ̀ àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Ṣàngóbùnmi, tí ń ta ẹ̀gúsí, ni ìyá rẹ̀. Nínú ọmọ márùn-ún tí ìyá náà bí, òun nìkan ni ó yè.

Ó kàwé mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn kí ìjọba tó gbà á síṣẹ́ ní 1951. Kẹ̀kẹ́ ni ó ń gùn láti oko dé oko, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí, tí ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Ní 1955, ó gbé Florence Àbíkẹ́, nọ́ọ̀sì, níyàwó. Ọmọ kan ṣoṣo, Fadékẹ́, ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Florence kú ní 1974. Láti ìgbà náà ni olóògbé ti ń dá se oúnjẹ, tí ó sì ń dá a jẹ. Fadékẹ́ ti di olùkọ́ ní Ìlọrin. Lẹ́tà ni bàbá àti ọmọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ní 1977, ó ṣàkíyèsí pé àgbàdo Okaka kì í dàgbà dáadáa. Ìlà funfun a máa fà sára ewé tuntun, igi rẹ̀ a kúrú. Bí òjò bá fà sẹ́yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, ó ti rọ. Ajílẹ̀ kò ràn án. Ó bu erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, èsì sì dé pé síńkì ni ilẹ̀ náà kò ní tó: irin tí wọ́n fi ń bo ara páànù òrùlé, tí ohun ọ̀gbìn ń fẹ́ ní ìwọ̀n bíńtín kí ó tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, ṣé páànù lẹ fẹ́ kí àgbàdo máa jẹ ni?" Jímọ̀ nìkan, àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tóbi jù, ni ó gbà láti dán an wò. Ní 1978, olóògbé fún un ní àpò kékeré kan tí ó kún fún iyọ̀ síńkì, ìyẹ̀fun funfun tí síńkì wà nínú rẹ̀, ó ní kí ó máa po ṣíbí mẹ́ta mọ́ garawa omi kan, kí ó fi wọ́n ewé. Jímọ̀ rò pé bí ó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe dára tó. Ó da gbogbo àpò náà sínú garawa mẹ́ta. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí, ewé ti jó gbẹ.

Jímọ̀ pè é lẹ́jọ́ níwájú àwọn àgbà ìlú. Olóògbé ní àyè láti dá ara rẹ̀ láre níbẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé: "Ẹ̀bi mi ni. Mo sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un, n kò sọ fún un pé àpọ̀jù rẹ̀ májèlé ni."

Wọn kò lù ú, wọn kò bú u. Wọ́n kàn pa á tì ni. Fún ọdún márùn-ún, bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń kọjá, àwọn tí ń tàkúrọ̀sọ lábẹ́ igi a dákẹ́. Ó yá ilẹ̀ kékeré kan létí odò, ó ń dá gbin àgbàdo; ó ń fi síńkì wọ́n apá kan, ó sì ń fi apá kejì sílẹ̀. Ó kọ̀wé sí Fadékẹ́ pé: "Apá òsì tí mo wọ́n síńkì sí ń tutù yọ̀yọ̀. Kò sí ẹni tí mo lè fi hàn."

Ní 1983, ọ̀dá mú. Òjò dáwọ́ dúró nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, oko sì gbẹ títí dé Ìgànná. Apá kan oko olóògbé gbẹ pẹ̀lú. Apá tí ó wọ́n síńkì sí a rọ lọ́sàn-án, a tún nà ró láàárọ̀, ó sì yọmọ. Lọ́jọ́ kan, Jímọ̀ wá dúró ní ààlà oko náà.

"Bàbá Fadékẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún mi. Ṣíbí mélòó?"

"Mẹ́ta," ni olóògbé dáhùn. "Ẹ jókòó."

Kò tíì sí ẹni tí ó bá a jókòó ní oko náà rí.

Nígbà tí òjò ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ń wá a lé ní ogójì. Ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn iyọ̀ náà fún wọn, títí ó fi fẹ̀yìn tì ní 1986. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, inú ilé tí kò sí ohùn ẹnìkan ni ó ń padà sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún 1988, Jímọ̀ lọ pè é kí àwọn jọ lọ sóko. Ó bá a lórí ibùsùn rẹ̀; ó ti lọ.

Ó fi Fadékẹ́ ọmọ rẹ̀ sáyé lọ, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ Adékúnlé, àti ọmọ-ọmọ méjì, Mọ́ládé àti Adétúnjí.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Kí ilẹ̀ tí ẹ tọ́jú bá wa tọ́jú yín. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ẹ tún dá jókòó mọ́.