Orúnkún Bàdírátù àti Ẹ̀rọ Tó Ń Ka Fífò

                                        Ilé Àyànṣọlá,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà Pákó,
                                        Bódìjà, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Ràfátù, àbúrò mi tòótọ́,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ tó kù ńkọ́? Mo gbọ́ pé iṣu ta dáadáa ní Ìgbòho lọ́dún yìí, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Èmi náà wà. Ara mi le ju ti ọmọ ogójì ọdún lọ.

Kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ sọ, rántí irú ènìyàn tí mo jẹ́. Ìwé kẹta ni mo wà nígbà tí bàbá wa kú, iléèwé sì parí síbẹ̀. Mo sùn sábẹ́ lọ́rì ní Ìwó Road fún oṣù méje. Ibà dá mi wó débi pé wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò gbé mi lọ sílé. Mo fi orí ru pákó fún ọdún mẹ́sàn-án. Ní ọjà yìí, ẹni tó bá ru jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè síṣẹ́, èmi ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ pè. Iná jó ṣọ́ọ̀bù mi àkọ́kọ́. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin àti ilé mẹ́ta, omi ẹ̀rọ sì ń yọ lókè. Lẹ́tà yìí pàápàá, ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù, nítorí igbe ni wàá máa ké, o ò ní jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀.

Bàdírátù ọmọ rẹ wà láàyè. Orúnkún ẹ̀ ló wú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń gbá fọ́líbọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin Àgbówó. Èmi ni bàbá ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ náà. Èmi ni mo ra nẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ra bọ́ọ̀lù. Orúkọ mi ló wà lẹ́yìn aṣọ wọn, ó tóbi ju nọ́ńbà lọ. Lóṣù tó kọjá, kóòṣì wọn, Olúrótìmí Ayẹni, ọmọ Èkìtì kan tó kàwé púpọ̀, kó àwọn ẹ̀rọ kan dé tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Bẹ́líìtì ni àwọn ọmọ fi ń so ó mọ́ ìdí. Bí ọmọ bá ti fò, ẹ̀rọ á kà á, á sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù kóòṣì.

Ẹ̀rọ tó ń ka iṣẹ́! Inú mi dùn, mo ní ọ̀lẹ ò ní ríbi sá sí mọ́. Lójú ẹsẹ̀ ni mo kéde pé ẹni tó bá fò jù lọ́sẹ̀, bàtà tuntun ni tirẹ̀. Kóòṣì fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní kó fara balẹ̀, màá ra tiẹ̀ náà.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Wọ́n ń fò nídìí omi, wọ́n ń fò níwájú mọ́ṣáláṣí. Ọmọ rẹ ń fò ní ẹ̀yìnkùlé mi títí àwọn adìẹ fi kó kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kóòṣì pè mí.

"Bàbá, nọ́ńbà Bàdírátù ti pọ̀ jù."

Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ mi ni."

"Ẹ gbọ́ mi yé, sà. Ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó fò ni."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní kó máa ròyìn irú ẹ̀ fún mi.

Síbẹ̀, Bàdírátù kọ́ ló gba bàtà. Ìtẹ́olúwakìṣí, ọmọbìnrin kan láti Apẹ̀tẹ̀, ló gbà á. Kóòṣì wo fóònù, ó ní ọmọ yìí fò ní irínwó ìgbà lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, láàárín ogún ìṣẹ́jú. Mo ní akíkanjú ni. Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Iyán ni mo ń gún. Ara ọmọ odó ni mo so ó mọ́." Mo bi í bóyá iyán náà dán. Ó ní ó dán. Mo gba bàtà mi padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàdírátù wá kí mi. Ó di ògiri mú, ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Mo wò ó. Mo ní, "Ìgbà wo lo di ẹgbẹ́ mi? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà ní pápá bọ́ọ̀lù yín nìyẹn?" Ó kúnlẹ̀, Ràfátù. Kò pariwo. Àmọ́ kò lè dìde mọ́. Èmi ni mo gbé e. Orúnkún ọ̀tún ti wú bí àgbọn kékeré, ó sì ti fi pa mọ́ fún wa láti ọjọ́ mẹ́rin.

A lọ rí dókítà ní Ring Road. Ó ní nǹkan kan ò ṣẹ́, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ fò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bó bá fò kó tó jinná, ó lè má fò mọ́ láyé ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n sì fẹ́ ṣa àwọn tí yóò gbá fún Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọdún méjì ló ti ń retí ọjọ́ yẹn. Kò ní lọ.

Nígbà tí kóòṣì gbọ́, kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn bi mí pé, "Bàbá, tí wọ́n bá di pákó lé lọ́rì yín ju agbára ẹ̀ lọ ńkọ́?"

Mo ní táyà á bẹ́.

"Ohun tí ẹ̀rọ yẹn wà fún nìyẹn, sà. Kì í ṣe ká lè mọ ẹni tó ru jù. Ká lè mọ ìgbà tó yẹ ká sọ fún ọmọ pé ó tó ni."

Fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹnì kan ò sọ fún èmi pé ó tó. Orí àga ni mo ti ń kírun báyìí. Èyí tí mo sọ lókè pé ara mi le, yọ ẹ̀yìn mi kúrò níbẹ̀.

Má sáré wá. Èmi àti Mùtíátù ìyàwó mi ń fi omi dídì sí orúnkún náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, wíwú rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀. Ó ń jẹun. Mo ti ní kó máa jókòó kí mi. Ó ń kí mi dáadáa, kò kàn bá mi sọ nǹkan mìíràn ni. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì rọra sọ fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Kí gbogbo ará ilé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá lọ sí pápá. Bàdírátù á jókòó níwájú, màá sì dúró lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti kóòṣì wọn, màá sọ pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe. Mi ò sọ irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tí mo ti ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ń fi dánra wò níwájú dígí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì ka iye ilé mi mọ́ ọn. Màá ti yọ ìyẹn kúrò kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

                                        Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n rẹ kan ṣoṣo,
                                        Mánsúrù Àyànṣọlá.